Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ẹyọ Kan, Ọ̀rọ̀ Faransé Mélòó?

Láti ìgbà tí a ti ṣí ojú ìwé yìí sílẹ̀ fún ìbéèrè nípa èdè Faransé, ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú lẹ́tà tí ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Àkúrẹ́, Òǹdó àti àyíká wọn ń kọ ránṣẹ́ forí lé. Ẹ ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹyọ kan ni ẹ mú wọ inú ìwé atúmọ̀-èdè, ọ̀rọ̀ Faransé mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún sì ni ìwé náà kó lé yín lọ́wọ́, láìsọ èyí tí ẹ óò mú àti èyí tí ẹ óò fi sílẹ̀. Mo ti yan mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà. Mo gé àwọn tó gùn kúrú, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n béèrè kò yí padà.

Ìbéèrè: Olóòtú wa, mo kí i yín o. Kòkó ni mo ń rà ní ìlú Òǹdó àti ní àwọn abúlé tó yí i ká. Láìpẹ́ yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí bá oníṣòwò kan ní ìlú Abidjan kọ̀wé, ọmọ mi ọkùnrin ló sì ń bá mi fi ìwé atúmọ̀-èdè yí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì mi padà sí Faransé. A kọ̀wé pé a ní “dry beans” nílẹ̀, ọmọ náà sì fi “haricots secs” túmọ̀ rẹ̀. Èsì tí a rí gbà ni pé àwọn kì í ra ẹ̀wà. Ta ló ṣi ọ̀rọ̀ náà, ọmọ mi ni tàbí ìwé atúmọ̀-èdè? — Oníṣòwò kòkó, Òǹdó

Ìdáhùn: Ajé á wọ igbá o, ẹ̀yin oníṣòwò wa. Ní ti ìwé, ọmọ yín kò purọ́, nítorí pé “haricot” wà lóòótọ́ lára àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń túmọ̀ “bean”. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì kó nǹkan mẹ́ta tí kò jọra pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan: ẹ̀wà tí à ń sè jẹ, hóró kòkó, àti hóró kọfí. Faransé yà wọ́n sọ́tọ̀. “Haricot” ni ẹ̀wà, “fève de cacao” ni hóró kòkó, “grain de café” sì ni hóró kọfí. Nítorí náà, “fèves de cacao sèches” ni ó yẹ kí ó wà nínú lẹ́tà yín sí ará Abidjan náà. Ẹ má sì gé e kúrú sí “fèves” lásán nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, nítorí pé irú ẹ̀wà ńlá kan tí wọ́n ń gbìn nílẹ̀ Yúróòpù náà ń jẹ́ “fève”.

Ẹ wá wò ó: kò sí àgbẹ̀ kan ní Òǹdó, ní Ìdànrè tàbí ní Ilé-Olújì tí yóò pe kòkó ní ẹ̀wà. Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí a tó rí ìwé Faransé kankan. Bí ọmọ yín bá ti bi yín léèrè pé, “Bàbá, kí ni a fẹ́ tà gan-an?” kí ó tó ṣí ìwé, ẹ ò bá ti dá a lóhùn pé kòkó ni, hóró kòkó tó ti gbẹ, kì bá sì lọ sídìí “bean” rárá. Ohun tí mo ń rọ gbogbo ẹni tó ń kọ́ Faransé láti máa ṣe nìyí, ọkàn mi sì wà níbẹ̀ gidigidi: ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn ní Yorùbá fún ara yín, kí ẹ tó lọ bá ìwé tó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti pa ìtumọ̀ méjì pọ̀, ó wọ́pọ̀ kí Yorùbá ti là á fún wa. Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà o, lẹ́tà tó tẹ̀lé èyí yóò sì fi ibi tí kò rí bẹ́ẹ̀ hàn.

Nígbà tó jẹ́ pé òwò kòkó ni iṣẹ́ yín, tí Côte d'Ivoire, tó ń pèsè kòkó ju orílẹ̀-èdè mìíràn lọ láyé, sì ń fi Faransé ṣe ìwé òwò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ kan wà tó lè tan etí Yorùbá jẹ, òun ni “coco”. Ó dún bíi kòkó tiwa, ṣùgbọ́n àgbọn ni. “Noix de coco” ni orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Kòkó ni “cacao”. Bí ẹ bá kọ “coco” sára àpò, àgbọn ni ẹni tó bá kà á yóò máa retí. “Cocoa plant” nínú Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ igi kòkó, ó sì lè jẹ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ kòkó. Ní Faransé, “cacaoyer” ni igi, “usine” ni ilé iṣẹ́, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi ọ̀kan pe èkejì. Odidi èso tí a ń là kí a tó kó hóró inú rẹ̀ jáde ni “cabosse”, ti ẹ̀wà ni “gousse”, bẹ́ẹ̀ “pod” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe méjèèjì. Ibi tí a ń tọ́jú ọmọ igi kòkó sí kí a tó kó wọn lọ sóko ni “pépinière”. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀, torí pé “nursery” tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un náà ni ó ń lò fún ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi, èyí tí Faransé ń pè ní “école maternelle”. Òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn àpò ni “balance”. “Scale” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ṣùgbọ́n “scale” kan náà ni ìpẹ́ ẹja, tó jẹ́ “écaille”, òun náà sì ni ìwọ̀n tí a fi ń ya àwòrán ilẹ̀, tó jẹ́ “échelle”. Ní ti ilé ìkẹ́rùsí yín, “magasin” ni ọ̀pọ̀ ìwé yóò fún yín fún “store”. Àwọn oníṣòwò a máa lò ó bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà ń wọ̀ ló kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn, nítorí náà “entrepôt” ni kí ẹ kọ.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. SS2 ni mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́. Olùkọ́ wa fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn méjì tí mo kọ. Àkọ́kọ́ ni “Je sais Akure”, tí mo fi sọ pé mo mọ Àkúrẹ́. Èkejì ni “J'ai passé mon examen”, tí mo fi sọ pé mo yege nínú ìdánwò mi. Mo wo “know” àti “pass” nínú ìwé atúmọ̀-èdè, mo sì rí àwọn ọ̀rọ̀ tí mo lò níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kò tọ́ nínú wọn? — Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o káre tí o béèrè. Gbólóhùn àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí Yorùbá kò ti là á fún wa, nítorí pé bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní “know” kan ṣoṣo ni àwa náà ní “mọ̀” kan ṣoṣo. Faransé ní méjì. “Connaître” wà fún ènìyàn, ìlú, orin, oúnjẹ, àti ohunkóhun tí o ti bá pàdé tí kì í ṣe àjèjì sí ọ mọ́: “Je connais Akure”, “Je connais ta mère”. “Savoir” wà fún ohun tí o ní òye rẹ̀ àti iṣẹ́ tí o lè fi ọwọ́ ara rẹ ṣe.

Etí Yorùbá lè dá wọn mọ̀ bí o bá fetí sí ohun tó tẹ̀lé “mọ̀”. Bí ó bá jẹ́ “pé” tàbí “bóyá” tàbí “ìdí tí” ló tẹ̀lé e, “savoir” ni: mo mọ̀ pé ó ti dé, “Je sais qu'il est arrivé”. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn bá tún wà lẹ́yìn orúkọ, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ pé “ó mọ ọbẹ̀ sè” tàbí “ó mọ ọkọ̀ wà”, “savoir” náà ni: “Elle sait cuisiner”, “Il sait conduire”. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ orúkọ nìkan ló tẹ̀lé e, tí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀, “connaître” ni yóò jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ní lọ́pọ̀ ìgbà, torí pé a máa ń sọ “Je sais ma leçon” nígbà tí a bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà sórí. Fi “ó mọ ọbẹ̀ náà” àti “ó mọ ọbẹ̀ sè” sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ìwé rẹ, kí o máa wò wọ́n títí wọn yóò fi mọ́ ọ lára.

Ní ti gbólóhùn kejì, Yorùbá ti là á, ìwọ ni o kò fetí sí i. Ṣíṣe ìdánwò yàtọ̀ sí yíyege. “Passer un examen” kò ju kí ènìyàn jókòó ṣe ìdánwò lọ, ẹni tó fìdí rẹmi náà sì lè sọ ọ́ láìpurọ́. Yíyege ni “réussir”: “J'ai réussi à l'examen”. Inú Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú “pass” láyé àtijọ́, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ìdánwò, ọ̀nà wọn ti pín. Bí o bá kọ “J'ai passé le WAEC” sínú lẹ́tà tí o fi ń wá àyè sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní orílẹ̀-èdè Benin, ohun tí wọn yóò kà ni pé o ṣe é, wọn yóò sì bi ọ́ pé èsì ńkọ́.

Ìbéèrè: Káfíńtà ni mí ní Ìdànrè. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ó sì ní kí n kọ́ orúkọ irinṣẹ́ kí n tó dé. Mo wo “nail”, mo rí “ongle”. Mo wo “plane”, mo rí “avion”. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa pè wọ́n? — Káfíńtà, Ìdànrè

Ìdáhùn: Rárá o. Èékánná ni “ongle”, ọkọ̀ òfurufú sì ni “avion”. Ìṣó ni “clou”, irin ìfági ni “rabot”. Ayùn ni “scie”, òòlù ni “marteau”, ìṣó tí a ń yí wọnú igi ni “vis”. “File” tí ẹ fi ń pọ́n eyín ayùn ni “lime”. “Dossier” tí ìwé lè fún yín jẹ́ fáìlì tí wọ́n ń kó ìwé sí ní ọ́fíìsì. Igi tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ni “bois”, igi tó dúró nínú igbó ni “arbre”, níbẹ̀ sì ni Yorùbá ti pa méjì pọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n, nítorí náà ẹ ṣọ́ èyí ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀nà á là.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, Kútọnu ni mo sì ti ń ra díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ máa fẹnu ara mi nájà dípò kí n máa wá ògbufọ̀. “Light” ló ń dà mí láàmú jù. Aṣọ tó fúyẹ́ ni mo fẹ́, aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n kó wá fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ ti “change” àti “free” náà. — Ìyá aláṣọ, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, nítorí pé ẹ kò pe méjèèjì ní orúkọ kan náà nínú Yorùbá yín: ọ̀kan fúyẹ́, àwọ̀ èkejì mọ́lẹ̀. Aṣọ tó fúyẹ́ ni “tissu léger”. Búlúù tó mọ́lẹ̀ ni “bleu clair”. Bí iyèméjì bá mú yín lójú ọjà, ẹ wá òdìkejì ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Òdìkejì “léger” ni “lourd”, ohun tó wúwo. Òdìkejì “clair” ni “foncé”, àwọ̀ tó ṣókùnkùn. Bí ẹ bá fọwọ́ kan aṣọ kan tí ẹ sì sọ pé “Trop lourd”, olùtajà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìwúwo lẹ ń sọ, kì í ṣe àwọ̀. “Lumière” ni ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó sì ni “feu”.

Ṣéńjì tí wọn yóò fún yín lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó ni “monnaie”: “Rendez-moi la monnaie, s'il vous plaît.” Bí ẹ bá fẹ́ fi náírà gba owó sẹ́fà, “changer” ni: “Je veux changer de l'argent.” Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ tí ẹ ti rà, “échanger” ni. Àwọn mẹ́ta yìí ni kí ẹ mọ̀ dunjú ju gbogbo èyí tó kù lọ, nítorí pé owó àti ọjà yín ló wà nínú wọn.

Ní ti “free”, Yorùbá tún ti là á. Ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni “gratuit”. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, tàbí ọkọ̀ tí kò ní èrò, ni “libre”. Ẹ lè bi ọlọ́kadà Kútọnu, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, pé “Vous êtes libre ?” Bí ẹ bá fi “gratuit” bi í, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ẹ fẹ́ kí ó gbé yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ kò béèrè nípa “new”, àmọ́ ẹni tó ń lọ sí Kútọnu nílò rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí ni “neuf”. Ohun tó dé ọwọ́ yín láìpẹ́, tó gba ipò ti tẹ́lẹ̀, ni “nouveau”, ìbáà jẹ́ pé ẹlòmíràn ti lò ó fún ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, bí ẹ bá ra ọkọ̀ tòkunbọ̀, ẹ lè pè é ní “ma nouvelle voiture”, ṣùgbọ́n kì í ṣe “voiture neuve”. “Voiture d'occasion” ni wọ́n ń pe tòkunbọ̀.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú làákàyè. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí nílùú Òǹdó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi bi mí pé kí ló dé tí “palm” fi jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tó tún jẹ́ ọ̀pẹ, tí “bank” sì jẹ́ ilé ìfowópamọ́ tó tún jẹ́ bèbè odò. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni, àbí méjì tó kàn jọra? Ṣé mímọ èyí lè ṣe ẹni tó ń kọ́ Faransé ní àǹfààní? — Olùkọ́, Òǹdó

Ìdáhùn: Nínú gbogbo lẹ́tà tó wọlé, èyí ni mo fẹ́ràn jù, mo sì bá àwọn ọmọ kíláàsì yín yọ̀, nítorí pé ìbéèrè àwọn onímọ̀ èdè gan-an ni wọ́n béèrè. Àpẹẹrẹ méjì tí ẹ mú wá kì í ṣe oríṣi kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni “palm” méjèèjì. “Palma” ni àtẹ́lẹwọ́ nínú èdè Látìn, àwọn ará Róòmù sì fi orúkọ náà pe igi ọ̀pẹ nítorí pé imọ̀ rẹ̀ nà bí ìka ọwọ́ tí a là sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fi ìtumọ̀ méjèèjì sínú ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n Faransé jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pín bó ti ń dàgbà: “paume” di àtẹ́lẹwọ́, “palme” di imọ̀ ọ̀pẹ, “palmier” di igi fúnra rẹ̀. Epo pupa ni “huile de palme”, ẹmu ni “vin de palme”, àdín ni “huile de palmiste”. “Paume” kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lọ́dọ̀ adẹ́mu.

“Bank” yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni, tí wọ́n gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Ti bèbè odò wá láti inú èdè àwọn ará àríwá Yúróòpù tí wọ́n tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Ti ilé ìfowópamọ́ wá láti inú “banca” ti àwọn ará Ítálì, èyí tó jẹ́ tábìlì tí àwọn onípàṣípààrọ̀ owó ń jókòó tì, ó sì gba inú Faransé kọjá kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, “banque” ti Faransé jẹ́ ti owó nìkan. Bèbè odò ni “rive” tàbí “berge”. “Match” náà rí bẹ́ẹ̀: ìṣáná ni “allumette”, ṣùgbọ́n ìdíje bọ́ọ̀lù ni “match”, nítorí pé Faransé yá èyí lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ẹ bá ti dé bèbè odò, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo odò pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì ní “river”, àwa ní “odò”, gbogbo rẹ̀ sì wọ inú ọ̀rọ̀ kan. Faransé ń béèrè ibi tí odò náà ń ṣàn lọ. Èyí tó ṣàn wọ inú òkun ni “fleuve”, èyí tó ṣàn wọ inú odò mìíràn ni “rivière”. Odò Ọya jẹ́ “fleuve”. Bẹ́núé, tó ń pàdé rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, jẹ́ “rivière”. Odò Àlá tó gba àárín Àkúrẹ́ kọjá náà jẹ́ “rivière”. Ọmọ tí kò mọ ibi tí odò kan ń lọ kò lè túmọ̀ orúkọ rẹ̀ bó ti tọ́, bí ó ti wù kí ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ nípọn tó.

Ìdí tí irú nǹkan báyìí fi pọ̀ láàárín èdè méjèèjì ni pé ní ọdún 1066, Wílíámù, olórí àwọn ará Normandy, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé sì di èdè ààfin àti ti ilé ẹjọ́ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ Faransé kún inú Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà náà, àmọ́ wọn kò dúró sójú kan. “Library” ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ilé ìkàwé. “Librairie” ti Faransé, tí ó jẹ́ ẹbí rẹ̀, ti di ilé ìtàwé lónìí, “bibliothèque” sì ni wọ́n ń pe ilé ìkàwé.

Ṣé ó ní àǹfààní? Ó ní, ó sì pọ̀. Ìwé atúmọ̀-èdè tó dára máa ń fi nọ́ńbà kéékèèké ya àwọn ọ̀rọ̀ tó kàn jọra bíi “bank” méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì ń to àwọn ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan náà sábẹ́ ara wọn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti ka àmì àti gbólóhùn àpẹẹrẹ tó wà níwájú ọ̀rọ̀ Faransé kọ̀ọ̀kan, dípò kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ yọjú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yí ìwé padà sí apá Faransé, kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú, bóyá ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni wọn yóò bá níbẹ̀. Iṣẹ́ kíláàsì tí mo máa dábàá ni ti “time”. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbólóhùn mẹ́ta tí “time” wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì sọ wọ́n ní Yorùbá kí wọ́n tó sọ wọ́n ní Faransé. “Aago mélòó ló lù?” yóò di “Quelle heure est-il ?” “Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta” yóò di “J'y suis allé trois fois.” “N kò ráyè” yóò di “Je n'ai pas le temps.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ní Yorùbá, mẹ́ta ní Faransé, ọ̀kan ṣoṣo ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí. Ọmọ ìlú Abomey ní orílẹ̀-èdè Benin ni àfẹ́sọ́nà mi, ìyá rẹ̀ kò sì gbọ́ Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ ìtúmọ̀ orí fóònù ni mo fi ń kọ̀wé sí wọn. Yorùbá ni mò ń kọ, “ẹ” ni mo sì ń lò fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n àfẹ́sọ́nà mi sọ fún mi pé “tu” ló ń jáde ní ọ̀dọ̀ wọn. Ojú tì mí gan-an. Ó tún ní kí n má pe ìyá òun ní “belle-mère” lójú wọn. Ẹ bá mi là á yé mi, kí ẹ sì bá mi wo bí mo ṣe lè kọ ọ́ pé àárò wọn ń sọ mí àti pé mo ń bọ̀ wá kí wọn. — Ìyàwó ọ̀nà, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀ lọ́nà o. Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi. Oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń túmọ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtúmọ̀ ni ó máa ń gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá nígbà tí wọ́n bá ń lọ láti èdè kan sí òmíràn. “Ẹ” tí ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ dé inú Gẹ̀ẹ́sì, ó di “you”. Láyé àtijọ́, Gẹ̀ẹ́sì ní “thou” fún ẹnì kan tí kì í ṣe ọ̀gá ẹni, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á tì, “you” nìkan ló kù fún ọmọdé àti àgbà, fún ẹnì kan àti ogunlọ́gọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ wá fẹ́ gbé “you” yìí lọ sí Faransé, ọ̀wọ̀ ti bọ́ lára rẹ̀, ó sì mú “tu”, tó jẹ́ “ìwọ”.

“Vous” ni kí ẹ máa lò fún wọn. Bíi “ẹ̀yin” ni: ó wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì wà fún ẹnì kan tí a bọ̀wọ̀ fún. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ wá “tu”, “te”, “toi”, “ton”, “ta” àti “tes” nínú ohun tí ẹ̀rọ kọ, nítorí pé ẹ̀rọ lè lo “vous” níbẹ̀rẹ̀ kí ó sì fi “ton” parí rẹ̀. “Votre” àti “vos” ló bá “vous” rìn. Ìyàtọ̀ kan wà láàárín àṣà wọn àti tiwa tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ Faransé máa ń fi “tu” bá òbí wọn sọ̀rọ̀, nítorí pé “tu” tún jẹ́ ti ẹni tó súnmọ́ni. Bí ẹ bá gbọ́ tí àfẹ́sọ́nà yín ń pe ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má kà á sí àìlẹ́kọ̀ọ́, ẹ má sì tẹ̀lé e. Bí ìyá náà bá ń fi “tu” bá yín sọ̀rọ̀, ìfẹ́ ni, ẹ dúró sórí “vous” tiyín títí wọn yóò fi sọ fún yín pé kí ẹ yí i padà.

“Belle-mère” ni ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó, òun náà sì ni ìyàwó bàbá ẹni tí kì í ṣe ìyá tó bíni. Lórí èyí, Faransé ló pa á pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló yà wọ́n. Ẹ lè sọ “ma belle-mère” nígbà tí ẹ bá ń sọ nípa wọn fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n lójú wọn, “Maman” ni kí ẹ pè wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ẹ kò ṣe ní kí ìyá ọkọ yín, ká ní ará Àkúrẹ́ ni wọ́n, pé “Ẹ káàárọ̀, ìyá ọkọ mi.”

“Miss” àti “visit” ni ẹ óò bá pàdé bí ẹ bá gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì. “Visiter” jẹ́ ti ibi tí a lọ wò. Ẹ lè lò ó fún ààfin àwọn ọba Abomey, tí àjọ UNESCO ti fi sára ohun ìní àjùmọ̀ni gbogbo ayé láti ọdún 1985. Ènìyàn ni a ń “rendre visite à”. Ní ti “miss”, Yorùbá súnmọ́ Faransé ju bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe súnmọ́ ọn lọ. A kì í fi ara wa ṣe olùwà nígbà tí a bá ń sọ ọ́: àárò yín ń sọ mí. Faransé náà fi ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọni ṣe olùwà, ó ní “Vous me manquez.” Bí ẹ bá tẹ̀lé ètò Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ kọ “Je vous manque”, ohun tí ẹ sọ fún wọn ni pé àárò yín ń sọ wọ́n.

Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: “Bonjour Maman, j'espère que vous allez bien. Vous me manquez beaucoup. Je viendrai vous rendre visite à Abomey le mois prochain.” Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àti àfẹ́sọ́nà yín ni ẹ jọ ń lọ, ẹ sọ “je viendrai” di “nous viendrons”, kí ẹ sì sọ “vous me manquez” di “vous nous manquez”.